Orí Láyípo Ni Àbí Inú Agbo Ilé? Bí A Ṣe Lè Yan Ìrìn Ìsinmi ní Ìbàdàn Àtijọ́

(Àwọn tí ó kópa nínú ìjíròrò yìí ni Atọ́kùn ètò, Bàbá Olùkọ́, ẹni tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ kíkọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìtàn, àti Ìyá Olùkọ́, ẹni tí ó ń kọ́ àwọn olùkọ́ni ní èdè Yorùbá.)

ATỌ́KÙN: Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ tú palẹ̀ ní alẹ́ yìí kan gbogbo olùkọ́ tí ó máa ń kó ọmọ jáde lọ wo ìlú, ó sì kan gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní ju ọjọ́ kan ṣoṣo lọ tí yóò fi ṣe ìbẹ̀wò.

Ọ̀rẹ́ mi kan lọ lo ìsinmi ní erékùṣù Barbados, ní agbègbè òkun Karibíánì. Nígbà tí ó dé, ó ní ohun tí ó kó ìdààmú bá òun jù lọ níbẹ̀ ni yíyàn. Ọkọ̀ ojú omi méjì ni ó ń pe èrò létí òkun. Ọ̀kan ń gbéra ní òwúrọ̀, nígbà tí omi ṣì dákẹ́. Bí ó bá dé ibi tí ó ń lọ, èrò yóò fi awò bo ojú, wọn yóò fi ọ̀pá ìmí sí ẹnu, wọn yóò sì ki orí bọ inú omi láti wo ẹja àti ìjàpá òkun níbi tí wọ́n ń gbé. Ọkọ̀ kejì ń gbéra ní ìrọ̀lẹ́. Ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kò ní tutù nínú rẹ̀. Ńṣe ni wọn yóò jókòó, tí wọn yóò máa wo oòrùn bí ó ti ń wọ̀ sínú òkun. Owó ọ̀kan ṣoṣo ni ó wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi. Mo wá ń rò ó pé, ṣé àwa ará Ìbàdàn, tí a kò ní òkun, ní irú yíyàn báyìí? Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa dá sí i.

BÀBÁ OLÙKỌ́: Mo dúpẹ́ o. A ní irú rẹ̀ dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ọkọ̀ yẹn. Katamaráànù ni wọ́n ń pè é. Inú èdè Tàmílì, ní gúsù ilẹ̀ Íńdíà, ni orúkọ náà ti wá. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni igi tí a so pọ̀. Ìdí méjì ni ó ní, tí a fi pèpéle kan so pọ̀ lókè. Nítorí náà ni kì í fi í tètè dànù bí ọkọ̀ onídìí kan. Ẹ fi èyí sí ọkàn, n ó padà sí i.

Ní ti Ìbàdàn, ìrìn méjì ni ó wà fún ẹni tí ó bá fẹ́ wo ìlú àtijọ́. Èkíní ni kí ó gun Òkè Àrẹ lọ, kí ó gun ilé ìṣọ́ tí a kọ́ síbẹ̀, èyí tí àwọn ará ìlú ń pè ní Láyípo, kí ó sì wo gbogbo ìlú láti òkè nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀. Èkejì ni kí ó fi ẹsẹ̀ rìn wọ inú ìlú lọ: láti Màpó sọ̀kalẹ̀ sí Ọjà'ba, kí ó gba Bẹẹrẹ, kí ó sì ya inú agbo ilé ní Bẹyẹrúnká. Ọ̀kan jẹ́ wíwò láti òkèèrè, ìkejì jẹ́ kíki orí bọ omi.

ATỌ́KÙN: Ìyá Olùkọ́, èwo ni ẹ fara mọ́?

ÌYÁ OLÙKỌ́: Ẹ ṣeun. Kí n tó sọ èyí tí mo fara mọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ní ọdún kan, mo kó kíláàsì kan gun Láyípo ní ọjọ́rọ̀. Ọjọ́ náà mọ́ kedere, oòrùn ń lọ sílẹ̀, gbogbo páànù orí ilé sì pọ́n bí epo. Inú mi dùn. Ọmọkùnrin kan wá na ọwọ́ sí ìsàlẹ̀, ó ní, “Ibẹ̀ yẹn ni ilé ìyá mi àgbà wà.” Ọmọ mìíràn tí ilé wọn wà ní Bódìjà wo ibi tí ó nawọ́ sí, ó ní, “Nínú páànù tó dípẹtà yẹn?” Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin yẹn kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ń gbé wọn padà sílé, ó ní kí awakọ̀ já òun sí etí títì, kò jẹ́ kí ọkọ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé wọn.

Mo sùn lé ọ̀rọ̀ náà. Èmi ni mo mú ọmọ náà gun òkè, òkè náà sì ti kọ́ ọ láti tijú ilé baba rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ pé kí olùkọ́ kó ọmọ wọ inú agbo ilé.

BÀBÁ OLÙKỌ́: Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára, Ìyá Olùkọ́, ṣùgbọ́n ẹ kò gbọdọ̀ di ẹ̀bi náà ru òkè. Àwọn àgbà ní, àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ọmọ tí ó rẹ́rìn-ín yẹn ní ojú lórí òkè, kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ bí yóò ti fi ríran.

ATỌ́KÙN: Bàbá, kí ni ó wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí ó rí?

BÀBÁ OLÙKỌ́: Ó tó mẹ́rin tí n ó sọ.

Èkíní ni ìdí tí ìlú fi wà níbi tí ó wà. Bí ènìyàn bá dúró lórí Láyípo, yóò rí i pé ọ̀wọ́ òkè kan ni ó la àárín ìlú àtijọ́ kọjá. Òkè Àrẹ, Òkè Arẹ̀mọ àti Òkè Màpó jẹ́ ara rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1829, nígbà tí ogun ti fọ́ àwọn ìlú ńláńlá, àwọn jagunjagun Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá dó síbẹ̀. Jagunjagun kò kọ́kọ́ ń wá ilẹ̀ tí ó tẹ́jú. Ibi tí yóò ti tètè rí ọ̀tá ni ó ń wá. Ọmọ tí ó bá wà nísàlẹ̀ ní Ọjà'ba kò lè mọ èyí, nítorí ilé ti bo òkè mọ́ ọn lójú.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ páànù yẹn gan-an. Koríko ni wọ́n fi ń bo ilé ní Ìbàdàn látijọ́, iná a sì máa jó o. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, ó rọrùn láti kó ẹrù wúwo wá láti Èkó. Ẹni tí ó bá rí owó kòkó a fi páànù bo ilé. Nítorí náà, páànù tí ọmọ yẹn fi rẹ́rìn-ín, ọlá ni ó jẹ́ ní ọjọ́ tí wọ́n kàn án mọ́ orí ilé. Ọjọ́ orí ni ó sọ ọ́ di pupa.

Ẹ̀kẹta ni bí ìlú méjì ti wà nínú ìlú kan. Bí oòrùn bá ń wọ̀, apá Dùgbẹ̀ ni ènìyàn yóò kọjú sí. Yóò rí Ilé Kòkó, ilé alájà 26 tí wọ́n parí ní 1965. Ìlú tí ọkọ̀ ojú irin àti òwò bí nìyẹn. Bí ó bá yí ojú sí ìsàlẹ̀, yóò rí ìlú tí ogun bí. Ìwọ̀n ìrìn ẹsẹ̀ ni ó wà láàárín méjèèjì.

ATỌ́KÙN: Ẹ̀kẹrin ńkọ́, Bàbá?

BÀBÁ OLÙKỌ́: Ẹ̀kẹrin wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Ilé ìṣọ́ náà fúnra rẹ̀ ni. Ọdún 1936 ni wọ́n kọ́ ọ. Ó ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 60, àtẹ̀gùn 47 ni ó sì yí po nínú rẹ̀. Ìyípo yẹn ni ó fún un ní orúkọ tí a mọ̀ ọ́n sí. Ṣùgbọ́n ìrántí ta ni? Ìrántí Captain Robert Lister Bower ni, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ tí ó jókòó sí Ìbàdàn, láti 1893 títí di 1897. Bower yìí kan náà ni ó yin ìbọn àgbá lu ìlú Ọ̀yọ́ ní 1895. Ó yẹ kí ọmọ tí ó gun àtẹ̀gùn 47 mọ ẹni tí òun ń gun ìrántí rẹ̀. Èmi kò sọ pé kí a wó o. Mo ní kí a sọ ìtàn rẹ̀ tán ni.

ÌYÁ OLÙKỌ́: Bàbá wa, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo gbà pé èmi kò sọ ìdajì èyí fún àwọn ọmọ mi ní ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n béèrè ọ̀rọ̀ kan. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ẹ kà, ènìyàn mélòó ni ó wà níbẹ̀ tí ó ṣì wà láàyè?

BÀBÁ OLÙKỌ́: (Ó rẹ́rìn-ín.) Ẹ mú mi.

ÌYÁ OLÙKỌ́: Ibi tí mo ń lọ nìyẹn. Láti òkè, ilé ni à ń rí, a kì í rí ènìyàn. J. P. Clark, akéwì tí ó kàwé ní Yunifásítì Ìbàdàn, kọ ewì kúkúrú kan nípa ìlú yìí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ dáadáa. Ewì náà dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ojú ẹni tí ó dúró lókèèrè ni ó fi wo ìlú. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí a ń rí nígbà tí a bá wọlé.

Mo máa ń bẹ̀rẹ̀ ní Màpó. Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí gbọ̀ngàn tí ó wà lórí òkè yẹn, pẹ̀lú àwọn òpó rẹ̀ ràbàtà-ràbàtà. Ìjọba amúnisìn ni ó kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àwọn obìnrin wa fi ṣe. Àwọn aláró mú àwọn òpó Màpó, wọ́n fi lẹ́kọ yà wọ́n sí ara àdìrẹ, wọ́n sì ń ya ṣíbí sí àárín òpó kan sí èkejì. Wọ́n sọ àdìrẹ náà ní Ìbàdàn Dùn. Mo máa ń mú àdìrẹ náà dání, n ó sì tẹ́ ẹ sí iwájú gbọ̀ngàn náà kí àwọn ọmọ fi ọ̀kan wé èkejì.

Lẹ́yìn náà ni a óò sọ̀kalẹ̀ sí Ọjà'ba, ọjà tí a fi orúkọ Ìbà Olúyọ̀lé pè. Mo máa ń ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ ewé tàbí egbò mẹ́wàá sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ìyá tí ń tà á, pẹ̀lú ìlò kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kì í lè kọ márùn-ún láìbéèrè. Bí wọ́n bá béèrè, èdè tí wọn yóò gbọ́ kò sí nínú ìwé tí mo fi ń kọ́ wọn.

Agbo ilé ni ó gbẹ̀yìn. Níbẹ̀ ni ọmọ yóò ti rí ohun tí a ń pè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí yóò rí àgbàlá tí gbogbo ilé kọjú sí, tí wọn yóò sì fi ojú oórì àwọn baba ńlá hàn án láàárín ibi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabogunje, onímọ̀ jọ́gíráfì, ṣàlàyé pé pípín ni agbo ilé Ìbàdàn ń pín bí ẹbí ti ń pọ̀ sí i, tí agbo ilé ńlá kan yóò fi di ilé kéékèèké púpọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀nà ibẹ̀ fi há. Ẹni tí ó bá wò ó láti òkè yóò ní kò sí ètò níbẹ̀. Ẹni tí ó bá wọlé yóò bá ètò, nítorí ẹbí ni ètò náà.

Ibẹ̀ náà ni a ti ń mọ bí oyè Ìbàdàn ti ń rìn. Mọ́gàjí ni olórí ilé. Láti ipò mọ́gàjí ni ènìyàn ti ń bọ́ sí orí àkàsọ̀ oyè, yálà ní ìlà Òtún tàbí ní ìlà Balógun, tí yóò sì máa gun ún ní ìṣísẹ̀-ǹ-tẹ̀lé títí, bí ẹ̀mí bá gùn, yóò fi di Olúbàdàn. Kò sí ìdílé kan ṣoṣo tí ó ni adé náà.

BÀBÁ OLÙKỌ́: Ẹ jẹ́ kí n fi kún un. Ní 1936 tí wọ́n kọ́ Láyípo náà ni orúkọ oyè olórí ìlú yí padà láti Baálẹ̀ sí Olúbàdàn. Ọdún kan náà ni àkàsọ̀ méjèèjì.

ATỌ́KÙN: Ìyá Olùkọ́, ọmọkùnrin ọjọ́sí ńkọ́?

ÌYÁ OLÙKỌ́: Ní sáà tí ó tẹ̀lé e, mo kó kíláàsì kan náà lọ sí agbo ilé tirẹ̀. Mo ti kọ́kọ́ lọ rí àwọn àgbà ilé, mo sì gba àṣẹ. Ọmọ náà ni ó ṣíwájú wa. Ìyá rẹ̀ àgbà jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ki gbogbo ilé náà láti orí ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ dó, ó ń kì, ó ń dá a dúró, ó ń ṣàlàyé. Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. Bí a ti ń padà, ọmọ Bódìjà yẹn wá bá mi, ó ní, “Mà, kí ni oríkì ilé tèmi?” Èmi kò mọ̀ ọ́n. Mo ní kí ó lọ bi bàbá rẹ̀.

ATỌ́KÙN: Ó dára. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó ń wò wá lálẹ́ yìí ní ọjọ́ kan àti owó ọkọ̀ ẹ̀ẹ̀kan. Kí ni ẹ ní kí ó ṣe?

BÀBÁ OLÙKỌ́: Kí ó kọ́kọ́ béèrè ohun tí ojú ọmọ náà kò tíì rí. Ọmọ tí a bí sí Bẹyẹrúnká, tí ó ń gba Bẹẹrẹ lọ sí ilé-ìwé lójoojúmọ́, ó ti mọ agbo ilé. Ohun tí kò mọ̀ ni bí ilé wọn ti bá ìyókù ìlú tan. Ẹ kó irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gun òkè. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó jẹ́ pé láti inú mọ́tò ni ó ti ń wo Ọjà'ba, òkè ni ó ti ń wò ó láti ọjọ́ tí a ti bí i. Kí ni yóò tún lọ ṣe lórí Láyípo? Ẹ kó o wọ agbo ilé.

ÌYÁ OLÙKỌ́: Bàbá wa, ẹ ti bá mi yanjú ohun tí mo fi ọdún púpọ̀ rò. Àṣìṣe mi ni pé mo mú ọmọ méjèèjì lọ síbi kan náà ní ọjọ́ kan náà, bí ẹni pé ojú kan ni wọ́n fi wáyé. Ṣùgbọ́n kíláàsì kan a máa ní irú ọmọ méjèèjì.

BÀBÁ OLÙKỌ́: Bí wọ́n bá pọ̀ bákan náà, agbo ilé ni kí ẹ mú. Ọmọ tí ó bá mọ ilé yóò ṣe amọ̀nà fún èyí tí kò mọ̀ ọ́n, ìtìjú yóò sì kúrò níbẹ̀. Mo gba èyí lẹ́nu yín.

ATỌ́KÙN: Ẹ bá wa mẹ́nu ba ìmúra. Àkókò wo ni ó dára?

BÀBÁ OLÙKỌ́: Ní nǹkan bí agogo mẹ́fà ààbọ̀ sí agogo méje ìrọ̀lẹ́ ni oòrùn ń wọ̀ ní Ìbàdàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ jálẹ̀ ọdún. Ilẹ̀ kì í pẹ́ ṣú lọ́dọ̀ tiwa. Nítorí náà, kí wọ́n ti wà lókè kí agogo mẹ́fà tó lù. Nígbà ọyẹ́, eruku a bo ìlú. Oòrùn yóò pọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ènìyàn lè má rí ọ̀nà jíjìn. Oṣù kẹwàá, lẹ́yìn tí òjò bá ti fọ ojú ọ̀run, ni mo fẹ́ jù. Àtẹ̀gùn náà tóóró, kí wọ́n máa gun ún ní ìwọ̀nba, kí olùkọ́ kan wà lókè, kí ọ̀kan wà nísàlẹ̀. Kí wọ́n sì ti lọ béèrè ṣáájú bóyá ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí.

ÌYÁ OLÙKỌ́: Òwúrọ̀ ni mo fẹ́ fún agbo ilé àti ọjà, kí oòrùn tó mú, kí àwọn ọlọ́jà sì tó rẹ̀. Kí ọmọ má ju ogún lọ lẹ́ẹ̀kan. Kí olùkọ́ lọ rí mọ́gàjí ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, kí ó má lọ ní ọwọ́ òfo. Kí ọmọkùnrin dọ̀bálẹ̀, kí ọmọbìnrin kúnlẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ya àwòrán ẹnikẹ́ni láìgba àṣẹ. Àwọn tí ń wo ẹja ní Barbados, ẹja kò bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń wò. Ènìyàn ni ó ń gbé Bẹyẹrúnká, àwọn náà yóò wò wá, wọn yóò sì sọ̀rọ̀ wa lẹ́yìn tí a bá lọ.

BÀBÁ OLÙKỌ́: Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù tí n kò fẹ́ kí a gbàgbé, ọ̀rọ̀ omi Ògùnpa. Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ, 1980, odò náà kún, ó pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó sì wó ilé púpọ̀. Omíyalé tún ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn ní oṣù kẹjọ, 2011. Láti orí òkè, ènìyàn lè fi ọwọ́ tọ́ka sí bí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ láti ìhà òkè lọ sí ibi tí omi ń gbà, kí ó mọ ìdí tí òjò tí ó rọ̀ sórí páànù gbogbo wọ̀nyí fi ń tètè di àgbàrá. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ nìkan ni yóò ti rí ìdọ̀tí tí a dà sí ojú omi, tí yóò sì gbọ́ lẹ́nu ẹni tí omi gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó rí ọ̀kan tí kò rí èkejì kò lè tún ìlú ṣe. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ fi ọkọ̀ onídìí méjì yẹn sí ọkàn. Bí ọdún yìí bá jẹ́ ti agbo ilé, kí olùkọ́ máa tọ́jú owó òkè dé èyí tí ń bọ̀.

ATỌ́KÙN: Ẹ̀yin òǹwòran wa, ẹ ti gbọ́ o. Àwọn àgbà ní, ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn, a ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Lálẹ́ yìí, àwọn àgbà méjì ti fi hàn wá pé ọmọ tí kò bá dé ilé ìyá àgbà ẹlòmíràn lè fi ilé náà rẹ́rìn-ín. Ọmọ Bódìjà yẹn ti lọ bi bàbá rẹ̀ ní oríkì ilé wọn. Kí àwa tí a jẹ́ bàbá àti ìyá múra èsì sílẹ̀ de àwọn tiwa.